Ta Ni Ó Ni Àwòrán Ojú Ọ̀run?

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ láti kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nípa ìràwọ̀ ni pé kí olùkọ́ ya àwòrán kan láti inú ìwé sí ojú pátákó, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ìràwọ̀ kan dé èkejì, kí ó sì kọ Oríónì sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò dà á kọ. Ọ̀sán gangan ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn ìràwọ̀ gan-an bá yọ sí orí àwọn òkè Ìkàrẹ́ àti ti Ọ̀kà, olùkọ́ ti lọ sí ilé, ìwé ti wà nínú àpò, kò sì sí ẹni tí yóò bi ọmọ náà léèrè ohun tí ojú tirẹ̀ rí. Bí ó bá ṣèèṣì sọ pé ebè iṣu mẹ́ta ni òun rí níbi tí ìwé ti sọ pé ìgbànú ọdẹ ni ó wà, wọn yóò ní kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Ọmọ náà ni ó jàre. Kí ó tó di pé a kọ́ ọmọdé ní àwòrán tí àwọn ará Gíríìkì fi ojú inú yà sí ọ̀run, ó yẹ kí a jẹ́ kí ó ya tirẹ̀, kí ó sọ ọ́ ní orúkọ ní èdè tí ó fi ń ronú, kí ó sì fi í han ẹlòmíràn títí onítọ̀hún yóò fi rí i. Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé eré ọmọdé ni èyí. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìdánwò kò béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí àtakò wọn lágbára jù lọ ni àwọn onímọ̀ Yorùbá tí yóò sọ pé ìbàjẹ́ àṣà ni, nítorí pé àwọn baba ńlá ti sọ àwọn ìràwọ̀ lórúkọ, kò sì tọ́ kí ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án máa sọ wọ́n lórúkọ mìíràn. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àgbájọ ìràwọ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá dúró ní orí òkè ní Ọ̀kà ní alẹ́ lè rí iná mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ọ̀kan jẹ́ fìtílà ní ilé tí ó wà ní ìdí òkè, èkejì jẹ́ iná mọ́tò ní ojú ọ̀nà Àkùngbá, ẹ̀kẹta sì jẹ́ iná Ìkàrẹ́ lọ́hùn-ún. Lójú ẹni tí ń wò wọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà papọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Bákan náà ni ìràwọ̀ rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ara Bellatrix wá, èyí tí í ṣe èjìká kan fún Oríónì, ti rìn fún nǹkan bí 250 ọdún kí ó tó dé Àkókó. Ti Rigel, tí í ṣe ẹsẹ̀ ọdẹ kan náà, ti rìn ju 800 ọdún lọ. Èjìká kò mọ ẹsẹ̀ rí. Ẹni tí ó fa ìlà láàárín wọn ni ó sọ wọ́n di ara kan. Nítorí náà, bí a bá sọ fún ọmọ pé ìlà tí òun fà kò tọ̀nà, irọ́ ni a pa fún un, nítorí pé kò sí ìlà kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a lè fi wọn tirẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àwòrán inú ìwé bí ẹni pé Ẹlẹ́dàá ni ó yà á kò mọ bí ó ti dé inú ìwé. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ikú Olúwa, Ptolemy tí ó gbé ní Alẹkisáńdríà ní ilẹ̀ Íjíbítì to àgbájọ ìràwọ̀ 48 sínú ìwé rẹ̀. Kò lè rí àwọn ìràwọ̀ tí ó wà ní apá gúúsù pátápátá, nítorí náà ibẹ̀ ṣófo. Ní 1751, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Lacaille wá sí Kéèpù ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, ó gbé ibẹ̀ títí di 1753, ó sì fi àgbájọ ìràwọ̀ 14 dí àlàfo náà. Kí ni ó rí ní ọ̀run? Kò rí ọlọ́run Gíríìkì kankan. Ó rí ẹ̀rọ tí a fi ń fa afẹ́fẹ́, ààrò oníná, aago, awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn àti awò tí a fi ń wo kòkòrò tí ojú lásán kò rí. Àwọn ohun èlò tí ó jẹ́ ìyanu ní ayé tirẹ̀ ni ó kó lọ sí ojú ọ̀run, ó sì tún fi òkè pẹrẹsẹ tí ó wà ní Kéèpù kún un. Ní 1922 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ṣe ìpàdé ní Róòmù, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu àgbájọ ìràwọ̀ 88; àwòrán Lacaille mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sì wà nínú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Bí ọmọ kan ní Ìkàrẹ́ bá na ọwọ́ sókè tí ó ní ọ̀kadà ni òun rí, pẹ̀lú táyà méjì àti ẹni tí ó gùn ún, àwọn àgbà yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní kò sí ọ̀kadà ní ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìfafẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Ààrò wà níbẹ̀. Inú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ náà gan-an ni wọ́n wà. Ó ku kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé wá ṣàlàyé ìdí tí ohun èlò Faransé fi lè gun ọ̀run tí ohun èlò Àkókó kò fi gbọdọ̀ gùn ún.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí olùkọ́ tí kò jáde síta ní alẹ́ kò lè mọ̀. Àwòrán inú ìwé kò bá ojú ọ̀run Àkókó mu. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù wà ní dígírì 51.5 sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà wà ní nǹkan bí dígírì 7.5. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìwé ní kí ọmọ wá ìràwọ̀ àríwá tí kì í ṣípò, kí ó fi mọ ọ̀nà. Ní Àkókó, bí ènìyàn bá na apá rẹ̀ síwájú tí ó di ẹ̀ṣẹ́, ìràwọ̀ náà kò ga ju ẹ̀ṣẹ́ yẹn lọ sí ibi tí ọ̀run ti kan ilẹ̀. Òkè tí ó wà ní àríwá lè bò ó, bí òkè kò bá sì bò ó, ọyẹ́ yóò bò ó. Ìràwọ̀ méje tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wò bí ohun ìtúlẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wò bí igbá ìbumi tí ó ní ọwọ́ gígùn, máa ń hàn ní Àkókó ní alẹ́ oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n ńṣe ni ojú igbá náà dorí kodò. Omi inú rẹ̀ ti dànù kí ó tó dé Ìkàrẹ́. Oríónì ńkọ́, ọdẹ tí ó dúró ṣánṣán nínú ìwé? Ní àárín oṣù kejìlá, nígbà tí ó bá ń yọ ní ìlà oòrùn lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni ó fi lélẹ̀ bí ẹni tí ó sùn. Nígbà tí ó bá di ọ̀gànjọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó kọjú sí gúúsù yóò rí i ní ìdúró, ẹni tí ó kọjú sí àríwá yóò sì rí i tí ó dojú dé. Ọmọ tí ó bá wá ọdẹ tí ó dúró ní ìlà oòrùn ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kò ní rí i, yóò sì rò pé ojú òun ni kò ríran. Ẹ̀bi ojú rẹ̀ kọ́. Àwòrán ọ̀nà jíjìn ni wọ́n fún un.

Ó tọ́ kí a sọ pé àwòrán kan wà tí ó ṣeé ṣe kí ọmọ Ọ̀kà àti ọmọ Gíríìkì jọ rí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn, èyíinì ni àkeekèé tí ìrù rẹ̀ ká kò ní apá gúúsù. Ọmọ tí ó ti gbé òkúta rí nínú oko yóò dá a mọ̀ kíá. Kò burú bí ojú bá bá ojú pàdé. Ohun tí ó burú ni kí a dí ojú kan nítorí èkejì.

Wàyí o, ó kan àwọn olùtọ́jú àṣà. Wọ́n ní Yorùbá ti ní orúkọ ìràwọ̀ tirẹ̀, òótọ́ sì ni. Àgùàlà wà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venus. Nígbà tí ó bá ń tẹ̀ lé òṣùpá, àwọn kan ń pè é ní ajá òṣùpá. Ṣùgbọ́n òwe kan náà tí ó dárúkọ rẹ̀ ni ó tún ń ta ko orúkọ yẹn: ó ní Àgùàlà kàn ń bá òṣùpá rìn ni, kì í ṣe ajá rẹ̀. Kí ni èyí fi hàn bí kò ṣe pé ẹnìkan wo òkè, ó sọ ohun tí ó rí, ẹlòmíràn sì wo òkè, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà fúnra wọn jiyàn lórí àwòrán ọ̀run, wọn kò sì lé ara wọn kúrò nílùú nítorí rẹ̀.

Ẹ tún wo Ìràwọ̀ Ọkọ̀. Ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, A. B. Ellis, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1894 pé orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pe Sirius nìyí, ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ alẹ́ lọ, nítorí pé ó ń ṣe amọ̀nà fún àwọn tí ń tu ọkọ̀. Àwọn ará etí òkun ni Ellis ń kọ ìwé nípa wọn. Orúkọ náà dára, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wo ni wọ́n ń tù ní orí òkè Ọ̀kà? Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ìràwọ̀ náà ní Ìràwọ̀ Ọkọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Bí ọmọ àgbẹ̀ ní Ọ̀kà bá fi iṣẹ́ ọwọ́ baba tirẹ̀ sọ ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò tẹ̀ léra ní ebè, ohun kan náà ni ó ṣe. Ìṣe ni ó jogún, kì í ṣe orúkọ nìkan. Àwọn Hausa wo ìràwọ̀ kéékèèké tí ó ṣùjọ nítòsí Oríónì, wọ́n pè é ní Kaza mai 'ya'ya, adìẹ tí ó ní ọmọ. Àwọn ará Gíríìkì rí ọmọbìnrin méje. Àwọn ará Japan pè é ní Subaru, wọ́n sì fi í ṣe àmì mọ́tò. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra.

Ó tún yani lẹ́nu pé láàárín àwọn onímọ̀ Yorùbá ni a ti ń gbọ́ pé orúkọ tuntun ń ba èdè jẹ́. Kí ni Èdè-Ìperí tí ó jáde ní 1984 lábẹ́ àkóso Ayọ̀ Bámgbóṣé? Ọ̀rọ̀ tuntun ni ó kún inú rẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó dá sílẹ̀ kí olùkọ́ lè fi Yorùbá kọ́ Yorùbá. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò ń lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn bí ẹni pé inú igbá ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti bá a. A kò rí ẹni tí ó sọ pé ó ba àṣà jẹ́. Bí ọ̀mọ̀wé bá lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá béèrè rẹ̀, ọmọdé náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Síbẹ̀, ewu kan wà nínú àtakò wọn tí kò yẹ kí a fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Orúkọ tí ọmọ dá sílẹ̀ ní àná lè bọ́ sínú ìwé ní ọ̀la gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu, kí ẹlòmíràn sì máa fi í ṣe ẹ̀rí pé bí àwọn ará Àkókó àtijọ́ ti rí ọ̀run nìyẹn. Ìwà èké ni èyí yóò jẹ́. Oògùn rẹ̀ kò le: kí a kọ orúkọ àwòrán, orúkọ ìlú, ọjọ́ tí a yà á, kí a sì kọ ọ́ gbangba pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó dá a sílẹ̀. Kí a gba ti àwọn àgbà sílẹ̀ sí ojú ewé tirẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè ẹni tí ó sọ ọ́, nítorí pé ilẹ̀ Àkókó jẹ́ ibi tí ahọ́n ti ń yí padà láàárín ìrìn wákàtí kan, tí àwọn ìlú kan níbẹ̀ sì ń sọ èdè tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Ohun tí ìyá àgbà kan ní Ọ̀kà ń pe ìràwọ̀ kan lè máà jẹ́ ohun tí ti Arigidi ń pè é. Iṣẹ́ yìí gan-an yóò rọrùn bí ọmọ bá ti ní àwòrán tirẹ̀ ní ọwọ́, nítorí pé nígbà tí ó bá na ìka sí i, màmá àgbà yóò sọ ohun tí ìgbà èwe tirẹ̀ ń pè é. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò na ìka sí kò lè bi àgbà léèrè ohunkóhun.

Ibi tí èké wà gan-an ni ibi tí àwọn olùtọ́jú àṣà kì í wò. Bí a bá túmọ̀ Oríónì sí Ọdẹ, tí a kọ ọ́ pé Ọdẹ ni Yorùbá ń pè é, ìtàn Gíríìkì ni a fi fìlà abetí-ajá dé lórí. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ṣe òótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n fi Oríónì sílẹ̀ ní Oríónì nínú ìwé Jóòbù, kí ẹni tí ó bá kà á lè mọ̀ pé àlejò ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí yàrá ìdánwò yóò ṣe dáadáa bí ó bá lè ya orúkọ tí a jogún sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ tí a túmọ̀, kí ó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Ní ti pé ìdánwò kò béèrè rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò pọ̀. Ìdánwò sáyẹ́ǹsì yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó da àwòrán kọ láti ojú pátákó lè há ìdáhùn náà sórí. Ẹni tí ó ya àwòrán tirẹ̀ yóò rí i pẹ̀lú ojú. Bí ó bá fi Àgùàlà kún àgbájọ ìràwọ̀ rẹ̀, àwòrán náà yóò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀: ìràwọ̀ ìyókù yóò wà bí wọ́n ti wà, Àgùàlà yóò sì ti ṣí lọ. Inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, yóò sì béèrè ìdí. Yóò tún rí i pé àwòrán rẹ̀ ń yọ ṣáájú àkókò tí ó yọ ní àná, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 lójoojúmọ́, tí ó di wákàtí 2 láàárín oṣù kan. Èyí ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ púpọ̀ ní ayé fi mọ àkókò òjò kí kàlẹ́ńdà tó dé. Kò sí olùkọ́ tí ó lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ni ní ìyẹn.

Èdè tí yóò fi béèrè ni ọ̀rọ̀ tún kàn. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, àwọn ọmọ náà kò sì di òpè. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Àríyànjiyàn lórí ìyẹn kò ní tán lónìí. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà kan yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀sán. Kò kan àgbàlá ilé ní agogo mẹ́jọ alẹ́, níbi tí iná ìjọba ti lọ, tí òkùnkùn tí gbogbo ènìyàn ń bú sì jẹ́ kí ìràwọ̀ hàn dáadáa.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ awòràwọ̀ ni wọn yóò fi èyí kọ́ ọmọ, kí ó máa fi ìràwọ̀ wá orí ìyàwó. Òdìkejì rẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà láàárín ìràwọ̀ márùn-ún, tí ó mọ̀ pé òun ni òun pè é ní ọ̀kadà, ó ṣòro kí ẹnìkan tó fi àkeekèé tàbí kìnnìún inú ìwé ìròyìn sọ fún un ohun tí yóò bá a ní ọjọ́ Ajé.

Àwọn tí ó fi òǹtẹ̀ lu 88 náà kò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní 2019 wọ́n fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ń yí i ká láti sọ lórúkọ. Nàìjíríà pe ìràwọ̀ tirẹ̀ ní Amadioha, ó sì pe pílánẹ́ẹ̀tì náà ní Equiano. Ohun tí àgbáyé fi lọ orílẹ̀-èdè, kí ni yóò mú kí olùkọ́ fi du ọmọ inú kíláàsì rẹ̀?

Ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè kò tó nǹkan: alẹ́ tí kò sí òṣùpá, ẹní tí a tẹ́ sí àgbàlá, òbí tí ó jókòó tì wọ́n. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀, kí ó má pọ̀ ju méje lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ó sí orí ilẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ìdí tí ó fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ọmọ mìíràn fi àlàyé rẹ̀ wá a. Bí kò bá rí i, àlàyé ni kò tó, kí onítọ̀hún tún un ṣe. Èyí nìkan tó àròkọ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà kí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkàrẹ́ àti ọ̀kan ní Ọ̀kà pààrọ̀ ìwé. Ọ̀run kan náà ni ó bo ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n òkè tí ó wà ní ìlà oòrùn ìlú kan kọ́ ni ó wà ní ti èkejì, nítorí náà àwòrán tí ọmọ Ìkàrẹ́ rí ní agogo mẹ́jọ lè máà tíì yọ lẹ́yìn òkè fún ọmọ Ọ̀kà. Yóò ní láti dúró dè é, kí ó sì kọ aago tí ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.